Ohùn Àṣàbí Lórí Máàsì

Ohùn obìnrin ló jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n Baba Ọlátúbọ̀sún ní òun ò mọ obìnrin náà rí.

"Ìyá Àṣàbí ni, sà," Mọ́rẹ́nikéjì wí. "Ìyàwó yín ni."

"Ogójì ọdún ni mo fi bá Àṣàbí gbé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, inú àgbá ló wà."

Mọ́rẹ́nikéjì yíjú sí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe ẹ̀rọ náà ní Ayétuntun, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí Máàsì, ayé pupa tó jìnnà sí tiwa. Asọ-òǹkà-dohùn lorúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gígùn dẹ́rù bà yín o. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ayé, wọ́n á gé ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di òǹkà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ gba ojú òfurufú. Etí kì í gbọ́ òǹkà. Ẹ̀rọ yìí ló ń sọ òǹkà padà di ohùn.

Àṣàbí ti kú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ́kù, òǹkà rẹ̀ ṣì wà nípamọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni baba gbọ́ ọ, lórí ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú kan tó ń hó yaya, ẹ̀rọ náà sì jóná lẹ́yìn náà. Ìgbìmọ̀ àgbà ti pàṣẹ pé bí ohùn náà ò bá mọ́ lónìí, wọ́n á tú Asọ-òǹkà-dohùn palẹ̀, wọ́n á fi irin rẹ̀ tún ẹ̀rọ omi ṣe.

"Baba, òǹkà tí ẹ̀rọ mi ń kà fi ìlọ́po mẹ́jọ ju ti ẹ̀rọ àtijọ́ lọ."

"Ṣé òǹkà ni mo wá gbọ́ ni?"

Mọ́rẹ́nikéjì gbọ́wọ́ lé tábìlì. Tábìlì ń gbọ̀n wìrìwìrì. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gbogbo ìlú ló ń mí bẹ́ẹ̀, gbogbo ará ìlú ti mọ̀ ọ́n lára débi pé wọn ò kà á sí mọ́. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín.

"Iná ni, Baba. Iná ìlú wa ni."

Aago kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń sọ ìgbà tí òǹkà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Bí iná tó ń gbé aago náà ró bá ń lọ sókè sódò, bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á, aago á máa gbọ̀n. Òǹkà kan á yá jù, òmíràn á pẹ́, ohùn á sì dọ̀tí. Kò sí iye òǹkà tó lè fọ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Ayétuntun ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní iná tirẹ̀ nínú ìlú. Wáyà kan náà ni gbogbo ìlú jọ ń lò, àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti fìtílà ọmọ ìkókó. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni Mọ́rẹ́nikéjì. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí pé iná lè dá wà.

"Bátìrì aṣọ òfurufú tí mo fi ń jáde síta ìlú nìkan ni mo nílò, sà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Baba mirí. "Èmi gan-an ni mo ṣòfin yẹn. Àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn nítorí iná lọ́dún tí a dé."

"Mo mọ̀, sà."

Baba wo ẹ̀rọ náà, ó tún wo ilẹ̀kùn. "Ti ilẹ̀kùn yẹn," ó wí. "Kó o lọ mú bátìrì wá."

Mọ́rẹ́nikéjì já wáyà ìlú kúrò lára ẹ̀rọ. Ó so bátìrì mọ́ ọn, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Ọkọ mi."

Háà, ẹ ò bá rí ojú baba! Àṣàbí ló jókòó sí yàrá yẹn wẹ́kú, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, tí ẹ̀rín máa ń wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Baba pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mọ́rẹ́nikéjì ń fò sókè bí ọmọdé; ó ti ṣe é, ó ti ṣe é.

"Ara mi le," Àṣàbí ń wí. "Má padà. Máa bá ìrìn rẹ lọ."

Ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu baba. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, wọ́n gbọ́ bí Àṣàbí ṣe ń fa èémí pẹ̀lú ìrora. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí aláìsàn nímú. Wọ́n gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì kan lábẹ́lẹ̀: "Ìyá, ó tó, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ibùdó orí Òṣùpá ni ọkọ̀ wa dúró sí nígbà yẹn, lójú ọ̀nà síbí," baba wí jẹ́jẹ́. "Ọkọ̀ mìíràn tó ń padà sílé wà nílẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá kí n padà, torí pé ara rẹ̀ ò yá díẹ̀ nígbà tí mo kúrò. Èsì tó fún mi nìyí. Ariwo ẹ̀rọ ọkọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ìrora inú rẹ̀."

Mọ́rẹ́nikéjì nawọ́ sí bọ́tìnnì. Ó pa ẹ̀rọ náà.

"Ọmọ mi, ṣé o lè dá a padà sí bó ṣe wà láàárọ̀?"

"Mo lè dá iná ìlú padà sí i, sà," Mọ́rẹ́nikéjì dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ọ."