Àádọ́rùn-ún Ojú Ìwé

Òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ sórí ọ̀sà Vembanad lọ́jọ́ tí Aleyamma kọ́kọ́ rí Sukumaran. Ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ kan darí ọkọ̀ ojú omi láàárín ojúoró, ó ń fi ọwọ́ kejì kọ nǹkan sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Omi ń kán láti irun rẹ̀ sórí ohun tó ń kọ, kò bìkítà. Á wo ọ̀sà, á kọ ọ̀rọ̀ kan, á tún gbójú sókè, bí ẹni pé omi ló ń pe ọ̀rọ̀ náà fún un kọ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Aleyamma, ó sì jẹ́ olóòtú nílé ìtẹ̀wé kan ní Kottayam. Ibi tí ìwé òǹkọ̀wé bá ti wọ́, òun ló ń tọ́ ọ. Ibi tó bá ti pọ̀ jù, òun ló ń gé e. Lọ́jọ́ náà, ó kó ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé itan, ó ń wá àṣìṣe inú rẹ̀, ni atẹ́gùn bá já ojú ìwé mẹ́rin gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà wọ́n sómi.

Sukumaran pa ẹ́ńjìnnì. Ó mú ọ̀pá gígùn, ó ń fi wọ́ àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èrò ń kùn. Nígbà tó fi máa kó wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni wọ́n, ó ti ka ọ̀kan.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Rárá o. Èmi ni mò ń tún un ṣe.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe sí i. Ó ní òṣùpá àrànmọ́jú yọ láti ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń tu ọkọ̀, n ò rí irú ẹ̀ rí.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Aleyamma ti ka ojú ìwé yẹn. Ẹ̀rín pa á. “Ẹ ò ṣe kúkú wá gba iṣẹ́ mi?”

“Ta ló máa wá tu ọkọ̀, Tíṣà?”

Bí Aleyamma ṣe di Tíṣà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ bá wà lódì kejì ọ̀sà, Aleyamma a ní òun lòun máa lọ. Bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, àwọn méjèèjì a jókòó sí búkà ẹ̀gbẹ́ èbúté, wọ́n a jẹ ẹ̀gẹ́ sísè àti ẹja aláta, wọ́n a máa jà lórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ná ọjà.

Nígbà tó di oṣù kẹrin tí wọ́n ti mọra, Sukumaran gbé ìdì kan fún un. Àádọ́rùn-ún ojú ìwé ni. Ìtàn ìyá rẹ̀ ni, obìnrin tó ń mòòkùn kó ìkarahun nísàlẹ̀ ọ̀sà, tó mòòkùn lọ́jọ́ kan tí kò jáde mọ́. Ìwé náà kò sọ pé ó kú. Ọmọ rẹ̀ kàn jókòó sétí omi, ó sé èémí, ó fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè pẹ́ tó lábẹ́ omi.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni Aleyamma kà á. Ìrẹsì jóná lórí iná, kò gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tí í ba èèyàn níwájú ohun tó tóbi jù ú lọ. Bíró pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ibi tó máa fi kàn.

Ọ̀gbẹ́ni Ouseph, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé, rí ibi púpọ̀ tó máa fi tirẹ̀ kàn.

“Ó dáa, àmọ́ ó kéré,” ló wí. “Ta ló máa ra ìwé tí kò nípọn tó ìwé àdúrà? Kó sọ ọ́ di ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé. Kó fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i. Kí ìyá yẹn padà wá, káwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín sùn.”

Aleyamma mọ̀ pé kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọkùnrin náà, bàbá rẹ̀ kò sì ní gba atukọ̀ láyè. Bó bá jẹ́ òǹkọ̀wé tí gbogbo ìlú mọ̀ ńkọ́? Ó gbé ọ̀rọ̀ Ouseph lọ sí èbúté, ó fi oyin sí i.

Sukumaran tẹjú mọ́ ọn. “Ṣé ohun tí ìwọ alára rò nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Aleyamma wí. Irọ́ ni.

Oṣù mẹ́jọ ni Sukumaran fi tún un kọ. Nígbà tí ìwé jáde, alárìíwísí kan kọ sínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ pé: “Atukọ̀ yìí di ẹrù jù, ọkọ̀ rẹ̀ rì kó tó kúrò léèbúté.” Àwọn èrò ọkọ̀ há a sórí. Oníròyìn kan wá bi Sukumaran bóyá àwọn olóòtú ló bà á jẹ́.

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ló fèsì. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Aleyamma ka èsì náà lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀, Kuruvila, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, rí ojú rẹ̀.

“Dúpẹ́ pé orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀, ọmọ mi.”

“Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, Appachan, bàbá mi. Bí ìwé bá dáa, mo máa ń bá wọn mu tíì ìdùnnú. Tó bá wá bàjẹ́, mo máa fara pamọ́?”

“Kí ló tiẹ̀ kàn ọ́ pẹ̀lú atukọ̀? Kìrìsìtẹ́nì ni wá, Híńdù ni wọ́n, ilé wa ò sì dọ́gba.”

Aleyamma dìde, ó lọ mú bíró àti ìwé. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà: “Ìwé tí Sukumaran gbé fún mi kò ní àbùkù. Èmi olóòtú rẹ̀ ni mo ní kó fà á gùn, tí mo sì ní kó yí òpin rẹ̀ padà, nígbà tí mo mọ̀ pé kò yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, èmi ni kó bínú sí.” Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i ní kíkún. Lọ́jọ́ tó jáde, Ouseph ní kó kó bíró rẹ̀ máa lọ.

Ó kó wọn, ó gba èbúté lọ. Sukumaran ti ka lẹ́tà náà. Ó jẹ́ kó wọ ọkọ̀, ó sì tù ú kọjá ibùdó méjì.

“Kò yẹ kó o kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló ṣe é.”

“Ẹnu mi ló rán an.”

“Aleyamma.” Ó pẹ́ tó ti pe orúkọ yẹn kẹ́yìn. “Wọ́n bú mi, ìyẹn ò dùn mí. Ìyá mi ni. Mo fà á jáde nínú omi, mo ní kó máa jó níbi ìgbéyàwó, torí pé o ní kí n ṣe é.”

Aleyamma kò wí àwíjàre. Omi ojú rẹ̀ ń ṣàn, kò nù ún. Ó na àádọ́rùn-ún ojú ìwé àkọ́kọ́ sí i. Ó ti tọ́jú wọn látọjọ́ yìí.

“Má fún mi,” ni Sukumaran wí. “Fi sọ́dọ̀ rẹ. Mi ò tíì lè wò ó.”

Orí tábìlì ilé ni ìwé náà wà tí Kuruvila fi rí i. Ó fẹ́ kà á láti fi wá ẹ̀gàn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń wo igi rọ́bà inú ọgbà bí ẹni tí kò mọ igi rí.

“Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi kọ́ ọmọ lédè,” ló wí. “Mi ò lè kọ gbólóhùn kan nínú èyí.”

Ní ọjọ́ kejì, ó mú agbòòrùn rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun mú òun lọ sínú ọkọ̀ ọ̀hún. Sukumaran rí i, ó dìde fìrì.

“Jókòó, ọmọ mi. Ìwọ lò ń tu ọkọ̀.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Kuruvila sún mọ́ ọn. “Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ ọ́.”

“Ó ti jẹ́wọ́, sà.”

“Ṣé o ti dárí jì í?”

Sukumaran wo Aleyamma kó tó fèsì. “Díẹ̀díẹ̀, sà. Lójoojúmọ́ ni mò ń ṣe é.”

“Bí tọkọtaya pàápàá ṣe ń gbé pọ̀ nìyẹn,” ni bàbá wí, ó sì ṣí agbòòrùn rẹ̀.

Nígbà tó yá, Sukumaran gbà kí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Changanassery tẹ àádọ́rùn-ún ojú ìwé náà bó ṣe wà. Òun náà ló ní kí wọ́n kọ orúkọ Aleyamma síwájú bí olóòtú, kó lè máa fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bó dára bí kò dára.

Ṣọ́ọ̀ṣì kò so wọ́n pọ̀, tẹ́ńpìlì kò so wọ́n pọ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni orúkọ wọn fi wà lára ògiri, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Kuruvila fọwọ́ síwèé bí ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n wọ ọkọ̀ bí èrò lásán, ẹlòmíràn ló ń tù ú. Sukumaran kò jókòó sáàárín èrò rí, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Aleyamma di ọwọ́ náà mú.

Ọkọ̀ jáde lẹ́nu odò tóóró, ọ̀sà sì là sílẹ̀ níwájú wọn, funfun nínú oòrùn, títí tí èèyàn kò fi mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ẹyẹ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èrò gbójú sókè.

“Báwo lo ṣe máa kọ èyí?” ni Aleyamma béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

“Mi ò ní kọ ọ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Jẹ́ ká kàn máa wò ó.”