Ààrò Kan Náà

"Màámi, kí ló dé tí ìpéǹpéjú mi ń wúwo bíi ti Àyìnkẹ́ inú fọ́tò?"

Ìrètíọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró níwájú àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú kí wọ́n tó bí òun, ó ń fi ìka gbé ìpéǹpéjú tirẹ̀ sókè. Ìbídùn, ìyá rẹ̀, fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó tutù.

Nílùú Òkè-Òṣùpá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí nínú ihò àpáta ojú òṣùpá, tọmọdé tàgbà ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ààrò ara. Ohun kínkín ni wọ́n, àìmọye wọn ló wà nínú ẹran ara ènìyàn, àwọn ló sì ń sun oúnjẹ di agbára. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan lọmọ ti ń gbà wọ́n. Ti Ìbídùn ní àbùkù. Ara tirẹ̀ gbé e, ṣùgbọ́n ààrò Àyìnkẹ́ kú díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ náà kò fi lè gbé ṣíbí mọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yá ààrò fún Ìrètíọlá. Dókítà Ajíṣafẹ́ gba ẹyin lára Àwẹ̀ró, àbúrò Ìbídùn, ó yọ ohun tó wà láàárín rẹ̀, ó fi ti Ìbídùn àti ọkọ rẹ̀ rọ́pò, ó fi ààrò Àwẹ̀ró sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá kan náà ni wọ́n ní ó bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré ni ìyá Àwẹ̀ró. Ìyá ọ̀tọ̀, ààrò ọ̀tọ̀. Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ Àwẹ̀ró sínú Atúdìí, ẹ̀rọ tí ń sọ ìran ìyá tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà, ìyá Ìbídùn, fárígá.

"Ọmọ tí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó délé ayé, ẹ̀rọ ló máa wá sọ ìyá rẹ̀ fún mi? Ẹ ò ní tú ọmọ ilé mi wò."

Òfin ìlú sì ni pé ẹ̀rí àgbà tó lórí ọ̀rọ̀ ìran. Dókítà gbà.

Ní báyìí, gbogbo wọn tún pé sí ilé ìwádìí, Àwẹ̀ró pẹ̀lú oyún rẹ̀ tó ti yọ.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ Àwẹ̀ró wò," ni Dókítà bẹ̀bẹ̀. "Ọmọ yìí ń ṣàárẹ̀."

"Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́. Ẹ lọ tún un ṣe."

"Ẹ̀rọ tí a ò tíì tàn, Màmá?"

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo! Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ń jẹni ni?" Kí Màmá Àgbà tó dìde, ó ti na ìka sínú Atúdìí.

Ẹ̀rọ náà kùn. Iná pupa méjì tàn lójú rẹ̀, ti Àwẹ̀ró àti ti Ìbídùn tí wọ́n ti gbà sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n rọra súnmọ́ra, wọ́n di ọ̀kan.

"Obìnrin kan náà ló bí ìyá ẹ̀yin méjèèjì," ni Dókítà sọ. "Ààrò kan náà ni."

Àwẹ̀ró yíjú sí Màmá Àgbà. "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni."

Arúgbó náà ń wo ikùn rẹ̀. "Àbúrò mi obìnrin ló bí ọ. Kò rí ọ kó tó kú. Ìyàwó kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ tirẹ̀ ni, ọmú ń ro ó, mo bá gbé ọ lé e láyà. Gbogbo ilé fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ẹ láéláé pé kì í ṣe ilé wa la ti bí ọ."

"Nígbà tí Dókítà sì bi yín ńkọ́?" ni Ìbídùn kígbe.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ìyàwó kékeré ló bí i, Ìbídùn. Èmi gan-an ti gbà á gbọ́."

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. "Dókítà, èyí ńkọ́?"

Dókítà rọra pa ẹ̀rọ náà. "Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan lọmọ ti ń gbà á, Àwẹ̀ró."

Oòrùn ojú òṣùpá kì í wọ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tí agogo oorun lù, wọ́n ti fèrèsé pa kí ilé lè ṣú. Àwẹ̀ró kò lọ sílé ọkọ rẹ̀. Ó sùn ti Ìbídùn, ọmọ wà láàárín wọn. Màmá Àgbà tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ṣé ẹ ti mọ ìdí tí ìpéǹpéjú mi fi ń wúwo wàyí?"

"Sùn ná, ìyá mi."

Ìbídùn ki ẹsẹ̀ ọmọ náà bọ àárín itan rẹ̀ kó lè móoru, bó ṣe máa ń ṣe fún Àyìnkẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà sùn. Ọwọ́ Àwẹ̀ró dẹ̀ lórí ikùn. Ẹkún tí Màmá Àgbà ń sun lábẹ́ aṣọ pàápàá di ìhanrun. Ìbídùn ti pinnu pé òun ò ní fojú kan oorun, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, kò sì mọ̀ bóyá oorun ni. Ó pa dé.

Lára ògiri, ojú Àyìnkẹ́ tí kò là tán, tí kò sì pa dé, nìkan ló kù tó ń wò wọ́n.