A Ti Dé

"Ẹ sún díẹ̀ fún mi," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́. Dúdú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti jókòó sẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú Ṣẹ̀ṣẹ̀dé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì wọn. Àga òdìkejì ló kù, níbi téèyàn ti ń kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ.

Ìlú èbúté àtijọ́ ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n Dúdú tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe níbẹ̀ yóò mú wọn gun ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ lójú òkun. Ọjọ́ pẹ́ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń retí kí òun àti Dúdú, àwọn méjì péré, dúró lókè yẹn. Ta ló wá pe orogún sí i?

"Wò ó, ó ti sùn, ó lanu sílẹ̀!" Dúdú rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo Ṣẹ̀ṣẹ̀dé léjìká, ó sì lọ wá omi mu. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹjú mọ́ ìborùn náà. Ìborùn tí òun fún Dúdú lọ́jọ́ ìbí rẹ̀!

Ọkọ̀ dúró ní ibùdókọ̀ kékeré kan. Ṣẹ̀ṣẹ̀dé ta jí. "A ti dé?"

"A ti dé o. Tètè bọ́ sílẹ̀, mò ń gbé ẹrù bọ̀," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dá a lóhùn.

Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò mira. Dúdú padà dé, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Ṣẹ̀ṣẹ̀dé níta.

"Yéè! Kò mọ ibì kankan níbí!" Kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó di aṣọ rẹ̀ mú, Dúdú ti fò sílẹ̀. Ọkọ̀ gbéra.

Àga ẹ̀bá fèrèsé wá ṣófo. Òkun yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò lè wò ó.

"A ti dé o!" ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ké. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló dé.

Ẹ̀gbọ́n Dúdú ń dúró, gírísì lọ́wọ́. "Káàbọ̀ o! Àbúrò mi dà?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Wọn á bá ọkọ̀ tó kàn dé. Ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ fún wọn."

Nígbà tí wọ́n dé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ọ̀rọ̀ àga tí wọn ò gbọ́. Dúdú wò ó títí. "Ká ní o tún 'ẹ sún fún mi' sọ ni, à bá sún."

Àwọn méjì ló gun òkè ilé gogoro náà lóòótọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ṣọ́ ẹrù nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́: ẹni tó bá fi owú lé ẹlòmíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà ló ń lé lọ.