Ọ̀nà Tí Ìyèbíyè Fẹ́ Dá Wà

Kápẹ́ẹ̀tì ni Ìyèbíyè kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin tó gbé e. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, gbọọrọ, tí wọ́n ká bí ẹní, ló ń sáré bọ̀ láàárín àwọn ìsọ̀ ní Beresford Square ní London, tó ń gbá tòmátò ọlọ́jà lulẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjì sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ìyèbíyè ti fẹ́ tẹ ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó ń wà dé, ṣùgbọ́n ìdajì kápẹ́ẹ̀tì ti wọlé, ìdajì yòókù wà níta, ìlẹ̀kùn ò lè dé mọ́.

"Wàhálà wo tún lèyí, Olúwa?" Ó sọ ọ́ sábẹ́ eyín, kò mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́.

"Wàhálà kékeré ni, ẹ̀gbọ́n mi," ohùn kan fi Yorùbá dá a lóhùn láti ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ kàn ní sùúrù fún mi díẹ̀."

"Bọ́ọ̀sì nìyí, kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Òjò máa pa á."

"Kí òjò pa á!"

Àwọn èrò ti ń pòṣé. Ìyá òyìnbó kan dìde, òun àti ọkùnrin náà tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà kọrọdọ títí tó fi gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kọjá. Ìgbà náà ni ojú ọkùnrin náà tó yọ. Omi òjò ń kán lára irunmú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n fi í joyè.

"Ayọ̀dèjì lorúkọ mi."

"Ta ló bi yín?" Ìyèbíyè dáhùn, ó sì wa bọ́ọ̀sì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàdé, lọ́dún 1992. Ayọ̀dèjì ń gbé ní Thamesmead, ilé búrẹ́dì kan ní Belvedere ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì Ìyèbíyè nìkan ló ń wọ̀. Tí bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ dé, á jẹ́ kó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kí èrò má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ ìdí àkọlé yẹn gan-an ni yóò lọ dúró sí, tí yóò máa rojọ́ títí tí yóò fi sọ̀. Ó béèrè oríkì Ìyèbíyè títí ó fi gbà á. Nígbà tó mọ̀ pé Àpèkẹ́ ni, kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó kọ́kọ́ sú Ìyèbíyè. Nígbà tó yá, ọjọ́ tí Ayọ̀dèjì ò bá ṣiṣẹ́ ló wá ń sú u.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìyèbíyè. Òun, bàbá rẹ̀ àti Keziah àbúrò rẹ̀ ló jọ ń gbé nínú fúláàtì kan ní Connaught Estate. Ìyá wọn ti di olóògbé. Bàbá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Daddy Ìbítóyè, jẹ́ alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Woolwich. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀ débi pé tí wọ́n bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, yóò ti wà lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, létí adágún omi ní Thamesmead, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń jà sí búrẹ́dì tí Ayọ̀dèjì gbé wá, ó ní, "Àpèkẹ́ mi, jẹ́ kí n wá rí Daddy. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Èmi náà fẹ́ ẹ," Ìyèbíyè dáhùn. "Àmọ́ ìrìnàjò kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Èmi nìkan."

Ó wá ṣàlàyé. Àwòrán kan ló rí nínú kàlẹ́ńdà lára ògiri níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń mu tíì: ọ̀nà kan ní Australia, lórí ilẹ̀ pupa, tó gùn lọ tààrà títí tó fi wọnú ojú ọ̀run. Kò ní kọ́nà. Kò ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù. Òun tó jẹ́ pé àtàárọ̀ ni òun ń yí po ráńdábáòtù Thamesmead bí òkòtó, òun fẹ́ wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà yẹn láti Adelaide dé Darwin, kí ẹnikẹ́ni má tẹ aago fún òun pé òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ohun tó fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ta ló ń lé ọ?" Daddy béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Daddy."

"Ta lo fẹ́ lọ rí níbẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lé, tí kò lẹ́ni tó fẹ́ lọ rí, kí ló wá ń sá wọ aginjù fún? Ìyèbíyè! Ohun iyebíye kì í dá rìn!"

Keziah ní, "Sis, you're mad. Kí ló dé tí o ò lọ Spain bíi àwọn èèyàn?" Nínú ìjọ, wọ́n gbààwẹ̀ lòdì sí ẹ̀mí alárìnká. Bí Ìyèbíyè bá jókòó jẹun, kí ló dé? Bó bá ń wẹ̀, ẹnì kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà: kí ló dé gan-an? Ọ̀rọ̀ náà tán an ní sùúrù.

Ayọ̀dèjì nìkan ni kò béèrè. Inú Ìyèbíyè dùn sí i, àfi ìgbà tí ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ kan tòun ti fìlà ooru lórí, láàárín òtútù oṣù kìn-ín-ní, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Tíkẹ́ẹ̀tì ibo?"

"Adelaide. Àdáṣe ní í hun ni, Àpèkẹ́."

Ìyèbíyè wò ó títí. "Ayọ̀dèjì, níbi tí wọ́n ti bí ẹ, kí ni wọ́n ń pè ní 'èmi nìkan'?"

"Ìwọ nìkan náà ni. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo máa jókòó sí."

"Ìwọ? O ò ní sọ̀rọ̀?" Omijé ìbínú bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo yín lẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ mi! Bó o bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn, má wá mi mọ́ láyé."

Ayọ̀dèjì ṣí fìlà. Inú ti bí òun náà. "Ó dáa. Mi ò ní tẹ̀lé ẹ. Ohun yòówù tí ì báà ṣẹlẹ̀, mi ò ní wá ẹ wá. Ṣé o ti gbọ́?" Ó jáde lọ, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Ìyèbíyè fi wọ ọkọ̀ òfúrufú ní oṣù kejì.

Ọ̀nà náà sì rí bó ṣe wà nínú àwòrán. Lẹ́yìn tó kúrò ní Adelaide, tí àwọn oko tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀run tóbi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìyèbíyè di sitẹ́ríǹgì mú, kò sí ibi tí yóò yí i sí. Ó pariwo orúkọ ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé tó fa tìrélà mẹ́ta tẹ̀léra yóò ré kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò mi mọ́tò tí Ìyèbíyè háyà jìgìjìgì, lẹ́yìn náà gbogbo ilẹ̀ á tún pa lọ́lọ́.

Àmọ́ lẹ́yìn ìlú Alice Springs, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Wo àwòdì yẹn bó ṣe tóbi tó! Ó tó ọmọ ọdún méjì." Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kò sí ìlú tí kò tíì ròyìn rẹ̀ fún Ayọ̀dèjì. Ó kan sáárá sí ìrọ̀lẹ́ fún un. Kódà ó ti bá a jà lórí bó ṣe yẹ kí èèyàn pààrọ̀ táyà. Ó lu sitẹ́ríǹgì. "Mo kọ̀ fún ọkùnrin yìí láti tẹ̀lé mi, ó tún wọlé! Kò tiẹ̀ dákẹ́ níbí náà!" Ó ń bínú, ó sì ń sunkún, ó ń wa ọkọ̀ lọ.

Nígbà tó sún mọ́ ìhà àríwá, òjò dé, kì í ṣe òjò London. Odò kan tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ dìde, ó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ìyèbíyè àti àwọn awakọ̀ àjàgbé mélòó kan há sí ilé-epo kan láàárín omi méjì. Obìnrin tó ni ibẹ̀ fún un ní bẹ́ẹ̀dì àti ẹyin díndín, ṣùgbọ́n tẹlifóònù ti kú. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò lè pe ilé. Ọ̀rọ̀ Daddy lójú fèrèsé wá ń dùn ún.

Nígbà tí wáyà padà ṣiṣẹ́, ó pe ilé, Keziah ló sì gbé e. Ó kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà ló bú u, ẹ̀yìn èyí ló tó sunkún.

"Nígbà tá ò gbúròó ẹ, Daddy lọ bá Ayọ̀dèjì ní Thamesmead. Mo ti sọ fún un pé Ayọ̀dèjì ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kó lọ mú ẹ wá. Ayọ̀dèjì ní rárá."

"Ó ní rárá?"

"Ó ní òun ti ṣèlérí fún ẹ. He was crying, sis. Ó ń sunkún, ó sì ń sọ pé rárá. Daddy ní kò ní fẹ́ ọmọ òun láéláé, kò sì jẹ́ kó wọlé mọ́. Lójoojúmọ́, tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, orí àtẹ̀gùn níta ló ń jókòó sí, kó lè gbọ́ tí fóònù bá dún. Ó wà níbẹ̀ báyìí."

Daddy já fóònù gbà. "Ìyèbíyè, Ọlọ́run mi o! Wálé! Wọ ọkọ̀ òfúrufú láti ibẹ̀ yẹn!"

"Daddy, ẹ má bínú. Omi ti ń fà. Mo fẹ́ parí ọ̀nà mi." Ó wo ọ̀nà tó wà níta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ sọ fún Ayọ̀dèjì pé mo wà láàyè."

Daddy gbé fóònù sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, Ìyèbíyè gbọ́ tí ìlẹ̀kùn han, tí bàbá rẹ̀ sì ké, "Ó wà láàyè! Ìwọ náà, máa lọ ilé ẹ!"

Ó dá wà á dé Darwin.

Lọ́jọ́ tó padà sí London, bó ṣe gbé ẹrù sílẹ̀ ní Connaught Estate, tó nà gbalaja lórí àga fún wákàtí kan, ó dìde, ó lọ sí Thamesmead. Ayọ̀dèjì ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó gba kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó po tíì fún un, ó bu ìrẹsì, ó jókòó, kò béèrè nǹkan kan.

Ìyèbíyè jẹun títí, ó wá ju ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé o ò ní bi mí bó ṣe rí ni?"

"O ní ìbéèrè ti sú ẹ."

"Ìwọ, bi mí!"

"Báwo ló ṣe rí, Àpèkẹ́?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ ti ilẹ̀ pupa, ó sọ ti àwòdì. Nígbà tó dé ibi omi, ó fọwọ́ ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo bá ẹ sọ̀rọ̀ títí mo fi dé Darwin. O ò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Mò ń dá ẹ lóhùn. Orí àtẹ̀gùn bàbá ẹ ni mo wà, òtútù ni kò jẹ́ kí o gbọ́ mi."

Ìyèbíyè fi ẹ̀rín sunkún. "Ṣé o ṣì máa fẹ́ mi àbí o ò ní fẹ́ mi mọ́? Sọ ọ́ kíá, ó ti rẹ̀ mí."

"Mo máa fẹ́ ẹ."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì lọ bá Daddy. Ayọ̀dèjì dọ̀bálẹ̀, Ìyèbíyè kúnlẹ̀.

"Ẹni tí mo bẹ̀ pé kó lọ mú ọmọ mi wá láàárín àgbàrá, tó kọ̀!" ni Daddy pariwo. "Òun lo fẹ́ fẹ́?"

"Daddy, ká ní ó wá ni, ǹ bá má fẹ́ ẹ."

Daddy wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí ti sú mi pátápátá. Ẹ dìde."

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Daddy fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà lé wọn lórí. Ó bẹ Ọlọ́run kó fún Ayọ̀dèjì ní sùúrù lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí òun mọ ọmọ tí òun bí. Àwọn ará ìjọ ṣàmín. Daddy tún gbé ọwọ́ lé orí Ìyèbíyè, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀.

"Kó fún èmi náà o," ó ní.