Ẹsẹ̀ Alàgbà Bádéjọ

Ẹrẹ̀ ni Ìyá Rosemary ní kí Fọláwẹ̀mí wá wò. Ẹrẹ̀ pupa, ó ṣì tutù, ní àtẹ́lẹsẹ̀ Alàgbà Bádéjọ, ọkọ ìyá náà. Oṣù kẹjọ rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Alàgbà dùbúlẹ̀, kò lè dìde, kò lè sọ̀rọ̀.

"Mo nù ún lánàá, mo nù ún níjẹta," ìyá náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Wẹ̀mí, ta ló ń gbé ọkọ mi jáde?"

Òógùn eré àárọ̀ ò tíì gbẹ lára Fọláwẹ̀mí alára. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló lé e dé ojú títì. Dókítà ní kó máa sáré láràárọ̀ bí kò bá fẹ́ dùbúlẹ̀ bíi Alàgbà. Àmọ́ obìnrin wo ló máa dá nìkan sáré ní Mowé yìí ní ìdájí? Ìdí nìyẹn tí Ìyá Rosemary, aládùúgbò rere, fi yá a ní Tanímọ̀la, ajá tí Alàgbà máa ń mú sáré nígbà tí ara ṣì le.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti jọ ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń wálẹ̀. Ohun kan ni kò yé e. Òjò ti sọ ọ̀nà di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, bàtà tirẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ajá á mọ́ tónítóní. Ó ti bi ara rẹ̀ títí, ó sú u, ó ní bóyá ajá ló ń lá a.

Ó wá wo Alàgbà dáadáa. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ gongo. Aṣọ ibùsùn rin fún òógùn, ó sì ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Fọláwẹ̀mí bi ara rẹ̀ léèrè: Ṣé eré tó ń gba òun là ló ń pa bàbá yìí?

"Mọ́mì, kí lẹ ṣe sí ẹsẹ̀ wọn?"

"Àdúrà ni o! Áńkáṣíìfù tí wòlíì gbàdúrà sí ni mo fi bo ẹsẹ̀ wọn fọ́jọ́ mẹ́ta. Ó ní ẹsẹ̀ náà á tún sáré. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo fọ̀ ọ́, mo sì..."

Tanímọ̀la jókòó níta fèrèsé, ó ń wò wọ́n. Bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ ti já tipẹ́. Áńkáṣíìfù funfun ọ̀hún ni ìyá náà fi so okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

"Yéè! Mo gbé!" Ìyá Rosemary ká ọwọ́ lérí.

Fọláwẹ̀mí jáde lọ tú u. Ajá náà ò kùn, ó kàn na ọrùn sílẹ̀ fún un. Aṣọ náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Alàgbà, wọ́n ní kí Olúwa dá nǹkan padà síbi tó tọ́. Fọláwẹ̀mí ṣèlérí pé òun ò ní í bá ajá yẹn sáré mọ́ láéláé, kí Alàgbà ṣáà ti yè.

Ó yè o. Nígbà tí Fọláwẹ̀mí wá kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàgbà fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu géètì, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọpẹ́ gba ẹnu obìnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ kú orí ire!"

Alàgbà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sún mọ́ ọn, ó sì ń fi imú gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kadà kan kọjá. Etí rẹ̀ mì díẹ̀.

Ìyá Rosemary ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, nídìí ilé ajá, lórí ilẹ̀ lásán. Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, itọ́ ń ṣàn ní kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kan. Ìyá náà ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, ó ń nu omijé fún un, omijé tirẹ̀ náà ń dà.

"Ẹ rọra gbé e mì, olówó orí mi," ló ń wí. "Èmi nìyí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Fọláwẹ̀mí fẹ́ kúnlẹ̀ kí Alàgbà, kò sì mọ ibi tí òun máa kọjú sí.