Orin Ọkọ̀ Tó Dẹnu Kọlẹ̀

Inú garawa tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ni wọ́n ti bá odindi àwo orin kan. Kí ó yé yín: àpótí ìpamọ́ kọ̀ǹpútà dúdú méjì ni, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ń tọ́jú gbogbo orin wọn sí. Omi ọṣẹ ti wọ inú wọn. Amojú-ẹ̀rọ sitúdíò gbé ọ̀kan sókè, omi sì ń kán tó-tó-tó sórí bàtà rẹ̀.

"Ṣé kò sí ẹ̀dà kankan ni?" Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá béèrè.

"Ẹ̀dà náà ni ìkejì inú garawa yìí, sà."

Inspẹ́kítọ̀ pòṣé. Má-fi-falẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Inú ti ń bí i kó tó débẹ̀. Mọ́tò ọlọ́pàá ti dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá nínú oòrùn, wáyà sì ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé kankan.

Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò já a. Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́: amojú-ẹ̀rọ, onílù tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àti obìnrin tó ń kọrin fún wọn.

"Má fi falẹ̀," ó sọ fún amojú-ẹ̀rọ. "Ta ló ń bá ta jà níbí?"

"Kò sẹ́ni tí kì í bá ẹnì kejì jà, sà. Èmi àti onílù ò kíra wa mọ́ látìgbà tó ti ní mo sọ ìlù òun di agolo."

Onílù kò sẹ́. "Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́," ó wí. "Mo lè gbá amojú-ẹ̀rọ yìí létí, sà. Àmọ́ ta ló máa ri ọmọ ara ẹ̀ sómi?"

"Ẹ tún orin yín kọ nígbà náà, ká simi."

"Ta ló máa kọ ọ́? Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún akọrin wa lọ́fun. Dókítà ní ohùn yẹn lè má padà mọ́ láé. Agbára káká ló fi parí orin tó kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ tó kù láyé ló wà nínú garawa yẹn."

Onílù yọ fóònù, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ òun. Gìtá bú bí ààrá, ohùn obìnrin sì yọ láàárín rẹ̀: ọkọ mi dẹnu kọlẹ̀, ẹ bá mi wá òmíràn. Ibẹ̀ ló ti gé.

"Kí ni ọkọ rẹ̀ fi ṣe é?" Inspẹ́kítọ̀ béèrè.

Onílù rẹ́rìn-ín, bí inú rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó. "Ọkọ̀ ni, sà. Mọ́tò wa àtijọ́. Orin ò jẹ́ kí ohùn sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó ti sọ̀. Gbogbo wa la ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí."

Akọrin fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan, ó fi ìborùn wé ọrùn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ òun, ó ní, ara kọ́kọ́rọ́ ilé ló wà.

"Ṣé ọkọ rẹ mọ ohun tí dókítà sọ?"

"Mo ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Kò ní lè sùn tó bá mọ̀."

Ọkọ náà ló wọlé yìí, mekáníìkì, pẹ̀lú òróró dúdú lábẹ́ èékánná àti fíláàsì omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ti gbọ́ àwo orin yìí rí?"

"Rárá, sà. Iṣẹ́ ò jẹ́. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀."

"Kò dùn ọ́ pé ó bàjẹ́?"

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Èmi tí mò ń se omi fún un láràárọ̀, kò yẹ kó dúró níwájú ayé kó ní ọkọ òun dẹnu kọlẹ̀, kí wọ́n bá òun wá òmíràn."

Inspẹ́kítọ̀ ṣí ilẹ̀kùn sitúdíò, ó mú un wọlé padà. Ó ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú gbogbo wọn. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn, ó ti rí ibi tí ẹnu rẹ̀ gbé e dé.

"Àwọn tó ṣe orin yìí mọ̀ pé ọkọ̀ ni," Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí kò lè mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń pè é ní ọkọ, ó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi náà ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ èmi béèrè. Kọ́kọ́rọ́ sì wà nílé rẹ."

"Mo wá mú ìyàwó mi lọ sílé lánàá ni," mekáníìkì wí. "Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Mo gbọ́ ìyẹn, mo yí padà, mi ò dúró mọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, mo wá ri wọ́n sómi." Ó yíjú sí onílù. "Ọkọ̀ wo?"

"Mọ́tò wa àtijọ́. Èyí tí o tún ṣe fún wa."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó ka ẹsẹ kejì, ohùn rẹ̀ kò sì ju èémí lọ: "Mekáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀ mi, ọkàn mi ló gbé jáde."

Mekáníìkì gbé fíláàsì sílẹ̀. Ó ní kí amojú-ẹ̀rọ jọ̀ọ́, kó má tú wáyà kankan. Ó ní tí ara ìyàwó òun bá ti yá, á tún un kọ, òun fúnra òun ni yóò dúró tì í títí dé ìparí.

"Ohùn wo ló máa fi kọ ọ́?" onílù bi í.

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan ìborùn ọrùn rẹ̀, kò sì gbójú sókè. Inspẹ́kítọ̀ di ọkùnrin náà lápá mú, ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé kó má fi falẹ̀.