Ìtàn Tó Kọ́ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Àga tó ti kán ló so Akọ̀wé àti Ẹnjiníà pọ̀. Ẹnjiníà pẹ́ dé sípàdé ìgbìmọ̀, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, àga náà sì gbé e ṣubú níwájú gbogbo àgbà. Àwọn yòókù ń ṣe pẹ̀lẹ́. Akọ̀wé nìkan ni kò ṣe pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kú àbọ̀ sà," ó ní. "Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń retí kí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ jókòó lé àga yẹn, bóyá a máa rówó tún un ṣe."

Orí ilẹ̀ ni Ẹnjiníà wà tó ti bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ kò ti kúrò lára obìnrin yìí.

Ilé kan ni ìgbìmọ̀ náà ń ṣe àbójútó rẹ̀, ilé tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ tí iná jó sí, kí wọ́n tó rí iṣẹ́ abẹ ṣe àti lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ Akọ̀wé ni láti máa wá owó tí ilé náà fi ń dúró. Inú ilé náà gan-an ló ti gba ìtọ́jú nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì sígbà tí kì í wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ooru ìbáà mú kí ilẹ̀ máa jó. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé sítóòfù ló bú mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alága ìgbìmọ̀ ni ìyá Ẹnjiníà, olórí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá Alága ni wọ́n ń pè é. Tó bá wọ yàrá, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀rín wọn.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí," Akọ̀wé ní lọ́jọ́ náà. "Èmi nìkan ni mò ń kanlẹ̀kùn àwọn olówó. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí ni pé, 'Àwọn ìgbìmọ̀ yín ńkọ́, kí ni àwọn fúnra wọn mú wá?' Mi ò mọ èsì tí màá fún wọn."

Lọ́yà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé húkọ́. "Orúkọ wa la fún yín. Orúkọ wa kì í ṣe nǹkan kékeré."

"Òótọ́ ni sà. Àmọ́ tí mo bá gbé orúkọ yín dé ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í fún mi ní báńdéèjì."

"Akọ̀wé," Màmá Alága dá a dúró, "ìwọ la gbà síṣẹ́ títọrọ. Ṣé o fẹ́ ká wá máa bá ẹ gbé igbá kiri ni?"

Ẹnjiníà ń gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ́ wa. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ iyọ̀ pàápàá."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Akọ̀wé á ti tábìlì ìpàdé sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí ẹnìkan ṣe olówó, kí ẹnìkejì wá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má ka iye ọmọ fún olówó, kí wọ́n sọ ìtàn ọmọ kan ṣoṣo. Ó kọ́ wọn pé kò sí ìtàn tó gbọ́dọ̀ jáde nílé yẹn láìjẹ́ pé ọmọ náà tàbí ìyá rẹ̀ gbà. Ó tún kọ́ wọn pé bí ọmọ ìgbìmọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ níwájú olówó, òun Akọ̀wé kò ní lanu rárá, torí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn kò sanwó oṣù fún ló máa ń wọ olówó lára.

Lọ́yà wá lẹ́ẹ̀kan, kò padà wá mọ́. Àwọn yòókù ránṣẹ́ pé ara àwọn ò yá. Ẹnjiníà nìkan ni kì í pa ọjọ́ Sátidé jẹ.

Akọ̀wé ló máa ń ṣe bàbá olówó. Á fẹ̀yìn ti àga, á mú kí ohùn rẹ̀ nípọn.

"Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, bàtà ẹ lò ń wò láti àárọ̀. Ṣé bàtà ẹ ló fẹ́ fún ẹ lówó ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bàtà yín ni mò ń wò. Ó dà bíi pé ó gbowó lórí."

"Ó gbowó lórí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fún ẹ ní nǹkan kan."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Nítorí bàbá àgbà ló ń ṣe, "ìwọ" ló máa ń pe Ẹnjiníà. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá parí eré, ó máa ń gbàgbé láti padà sí "ẹ̀yin". Ẹnjiníà kò rán an létí.

Ní Sátidé kan, Ẹnjiníà wọlé, kò jókòó.

"Bàbá, mo wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín."

"Kí lo fẹ́?"

"Akọ̀wé yín ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, a-rìn-jẹ́jẹ́-bí-ẹni-pé-ilẹ̀-ń-sùn. Mo fẹ́ máa rí i láràárọ̀, kí n tó rí ẹlòmíràn."

Akọ̀wé wá ohùn bàbá olówó títí, kò rí i mọ́. Ohùn ara rẹ̀ ló jáde.

"Jókòó ná," ó ní. "Kò yẹ kí o tọrọ ohun tí o ò tíì rí."

Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, ara náà hun jọ, ó ń dán bí ike tó yọ́. Ẹnjiníà kò gbójú kúrò. Ó fi ìka kàn án wẹ́rẹ́, bí ẹni fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ń sùn.

"Sítóòfù náà kò bú," Akọ̀wé ní. "Ìyá mi ló jù ú. Ó ń jó lọ́wọ́ nígbà tó jù ú. Bàbá mi ni ìyá mi jù ú mọ́, wọ́n ń jà, èmi ni mo sáré bọ́ sáàárín wọn. Bàbá mi lọ, kò padà. Ìyá mi ní kí n sọ pé ó bú. Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà náà. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún, torí mi ò fẹ́ fẹ́ ọkùnrin lórí irọ́."

"Ó ti wọ inú mi, kò ní jáde," Ẹnjiníà dáhùn. "Ìyàwó mi."

Akọ̀wé sì gbà á gbọ́. Ọlọ́run má fi wá lé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ wa sọ lọ́wọ́.

Nígbà tí Ẹnjiníà mú un lọ sílé, Màmá Alága gbé omi fún un, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó tún yìn ín pé ó mọṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé Akọ̀wé ti jáde.

"Àwa la wẹ egbò ọmọ yìí. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n aláìsàn mi ni, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó ń mú aláìsàn relé wá fi ṣe ìyàwó ọmọ."

"Màmá, ara rẹ̀ ti dá."

"Mo mọ bó ṣe dá. Èmi ni mo dì í." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Ó ti kọ́ ẹ ní títọrọ, àbí? Lọ tọrọ. Bí Bàbá Oníbíríkì bá kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ fún wa, fẹ́ ẹ, màá sì jó níbẹ̀. Bí kò bá kọ́ ọ, wá obìnrin tí ara rẹ̀ pé."

Bàbá Oníbíríkì ló ni iléeṣẹ́ bíríkì tó tóbi jù. Kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí. Akọ̀wé àti Ẹnjiníà fi Sátidé lórí Sátidé múra sílẹ̀ dè é, wọ́n sì mú ìtàn ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ gbà pé kí wọ́n sọ.

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì bàbá náà, ó ń fi pákó tín-ín-rín kan tayín. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé jókòó tì í, ó pa ẹnu mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin òun fúnra rẹ̀. Bàbá náà yán. Ó yán lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọmọ mi," ó ní, "irú èyí ni gbogbo yín ń gbé wá. Iná jó ọmọ, ẹ fún wa lówó. Ẹ máa lọ, mo ní àlejò."

Ẹnjiníà wo Akọ̀wé. Obìnrin náà ti rí ohun tó fẹ́ sọ lójú rẹ̀ kó tó lanu.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí mo fẹ́ fẹ́."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ìjà náà, ó sọ sítóòfù tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú iná, ó sọ ìyá tó ní kí ọmọ máa parọ́. Kò wo bàtà. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ níbi tó ti yẹ kó lọ sílẹ̀. Akọ̀wé wá ibi tí yóò ti bá a wí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kò rí i.

Bàbá Oníbíríkì ti ju pákó náà nù. "Apá èwo ni?"

Akọ̀wé rántí àwọn ọmọ tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ nínú yàrá tó há. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Bàbá náà sunkún. Kí wọ́n tó dìde, ó ti ṣèlérí gbogbo yàrá náà, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

Inú ọkọ̀ ni Ẹnjiníà ti ń lu sítíárìn bí ọmọdé. "A ti rí i. Màmá ò lè sọ nǹkan kan mọ́. Olólùfẹ́ mi, a ti di tọkọtaya."

"O sọ ọ́ fún un."

"Mi ò dárúkọ ìyá ẹ."

"Ìyá mélòó ni mo ní?"

Ẹnjiníà pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ẹ̀rù ló ba òun, ó ní òun rí ìgbéyàwó wọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó búra pé ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde ní ọ́fíìsì yẹn. Akọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ó gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ yàrá náà lélẹ̀, Màmá Alága fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe ìyá Akọ̀wé. Ó ní wọ́n fẹ́ yẹ ọmọ rẹ̀ sí. Aránṣọ iléèwé ni ìyá náà, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó rán aṣọ tuntun fún ara rẹ̀, ó sì jókòó sí ìlà iwájú pẹ̀lú ayọ̀.

Bàbá Oníbíríkì gba makirofóònù. Ó sọ ohun tó mú un sunkún, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ìyá Akọ̀wé níwájú.

"Màmá, ẹ má tijú. Ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Inú bíbí ló ṣe é. Gbogbo wa ti dárí jì yín."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n gbà pé àánú làwọn ń ṣe. Ìyá náà dìde. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Lẹ́yìn náà ló mú báàgì rẹ̀, ó rìn jáde láàárín àwọn àga, ó ń kí ẹni tó bá kí i.

Akọ̀wé fẹ́ sáré tẹ̀lé e. Màmá Alága dì í lọ́wọ́ mú, ọwọ́ tó jóná gan-an.

"Mo ti ṣèlérí, n kò ní yẹ̀ ẹ́. Ẹ fẹ́ra yín," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń ya fọ́tò. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí ìyá ẹ má wá síbi ìgbéyàwó. Ta ló mọ ohun tó máa jù."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé yíjú sí Ẹnjiníà, ẹni tó lè mú òkúta sunkún. Ẹnjiníà wo ìyá rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn obìnrin tí ìyá Akọ̀wé ń ránṣọ fún ọmọ wọn wá ń gba aṣọ wọn padà láìrán. Wọ́n kí i dáadáa. Wọ́n di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe ń kí i.

Ẹnjiníà dé nígbà tí Akọ̀wé àti ìyá rẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ ń jẹ ẹ̀pà lórí ìjókòó rẹ̀. Bí ìyá náà ṣe rí Ẹnjiníà, ó fẹ́ tún kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, má torí tèmi kọ̀ ọ́. Èmi ò ní wá síbi ìgbéyàwó. Mi ò ní yọjú rárá."

"Màámi, ẹ dìde," Akọ̀wé ní. "Ẹ lọ jókòó níwájú ọkọ̀."

Ìyá náà jáde. Ẹnjiníà ti ń sunkún.

"Mo ti bá Màmá jà. Mo ti sọ ohun tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ náà."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Nínú ilé ni, àwa méjèèjì."

"O sọ tèmi lójúde, o wá sọ tìrẹ nínú ilé."

"Ẹyinjú mi, nítorí kí n lè fẹ́ ẹ ni mo ṣe ṣe é. Jẹ́ ká lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá."

"Mo fẹ́ràn rẹ," Akọ̀wé ní, "n kò ní parọ́ fún ẹ, o mọ̀ pé mi ò parọ́ fún ẹ rí. Yàrá náà ń gòkè, mo dúpẹ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, màá máa ro ohun tí mo máa fi pa mọ́ fún ẹ. Ojoojúmọ́ ni màá máa rò ó."

Níta, awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù nínú yàrá, onírin, tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó gbìyànjú, kò mì.

"Ẹnjiníà," ó ní, láìgbójú sókè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kejì."